Ìwé tí ó So Ìlú Pọ̀: Ọ̀rọ̀ lórí Ìpínlẹ̀ Mẹ́tàlá ti Amẹ́ríkà àti Èkìtì Parapọ̀

Iṣẹ́ tí a fi lé mi lọ́wọ́ ni láti sọ bí àwọn ará Amẹ́ríkà ti ṣe dá ìjọba wọn sílẹ̀, àti ti àwọn ìwé tí wọ́n fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn nínú yín yóò máa wí nínú ọkàn rẹ̀ pé, kí ni ó kan Èkìtì nínú ọ̀rọ̀ àwọn ará òkè òkun? Ẹ fi sùúrù gbọ́ mi. Àwa náà ti ní ìparapọ̀ rí. Ó ní orúkọ, ó ní ọmọ ogun, a sì fi ọwọ́ sí ìwé kan nítorí rẹ̀. Nítorí ìwé náà gan-an ni mo ṣe fẹ́ kí ọ̀rọ̀ Amẹ́ríkà gba ilé wa kọjá.

Ní ọdún 1776, ìlú ńlá mẹ́tàlá wà ní etí òkun Amẹ́ríkà tí wọ́n ń sin Ọba Gẹ̀ẹ́sì. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ń bu owó orí lé wọn, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹnìkan tí ó ń gbẹnu sọ fún wọn nínú ìgbìmọ̀ tí ó ń bu owó náà. Ìjà ti bẹ́ sílẹ̀ láàárín wọn láti ọdún 1775. Ní oṣù Keje ọdún 1776 ni àwọn aṣojú wọn fẹnu kò lé Ìwé Ìkéde Òmìnira lórí, èyí tí Thomas Jefferson kọ jù nínú rẹ̀. Ohun tí ìwé náà wí, ní kúkúrú, ni pé Ẹlẹ́dàá kò dá ẹnìkan ga ju ẹnìkejì lọ. Pé ọwọ́ àwọn tí a ń ṣe àkóso wọn ni àṣẹ olùṣàkóso ti ń wá. Àti pé bí ìjọba bá sọ ara rẹ̀ di apanirun, àwọn ènìyàn ní ẹ̀tọ́ láti mú un kúrò, kí wọ́n sì fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. John Locke, ọlọ́gbọ́n ará Gẹ̀ẹ́sì, ti kọ irú èrò yìí sílẹ̀ ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún ṣáájú wọn.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wí fún yín pé èrò yìí ṣe àjèjì sí àwọn baba wa. Ta ni nínú yín tí kò mọ̀ pé àwọn afọbajẹ ni ó ń fi ọba jẹ? Ta ni kò mọ̀ pé ní ilẹ̀ Èkìtì ọba kì í dá ìlú ṣe láìsí àwọn ìhàrè àti àwọn ẹlẹ́gbẹ́? Ní Ọ̀yọ́ àtijọ́, nígbà tí ìlú bá kọ Aláàfin, Baṣọ̀run a jíṣẹ́ fún un, ọba náà a sì mọ̀ pé òun kò gbọdọ̀ rí ọjọ́ kejì. Ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀ ni pé inú àṣà ni tiwa wà, ní ẹnu àwọn àgbà. Àwọn ará Amẹ́ríkà kọ tiwọn sí ìwé, kí ẹni tí kò sí níbẹ̀ lè kà á, kí ó sì fi mú ẹni tí ó bá yẹ̀ ẹ́.

Ṣùgbọ́n ìkéde kì í ṣe ìjọba. Ìwé kejì wọn, tí mo lè pè ní Ìwé Ìparapọ̀, ni wọ́n fẹnu kò lé lórí ní ọdún 1777, tí ìpínlẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀tala sì gbà tán ní ọdún 1781. Ìwé náà dà bí àdéhùn àwọn ọ̀rẹ́ tí ẹ̀rù ara wọn ń bà wọ́n. Ìgbìmọ̀ àpapọ̀ kò ní agbára láti gba owó orí. Àfi kí ó bẹ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹni tí ó bá wù a sì san. Bí a bá fẹ́ yí gbólóhùn kan padà nínú rẹ̀, gbogbo mẹ́tẹ̀ẹ̀tala ni ó gbọdọ̀ gbà; bí ọ̀kan bá kọ̀, ó parí. Níwọ̀n ìgbà tí ogun Gẹ̀ẹ́sì wà níwájú, ó ń lọ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí àlàáfíà dé ní ọdún 1783, olúkúlùkù yíjú sí ilé tirẹ̀. Àwọn jagunjagun kò rí owó iṣẹ́ wọn gbà, gbèsè sì wọ àwọn àgbẹ̀ lọ́rùn. Ní ọdún 1786 àwọn àgbẹ̀ Massachusetts gbé ohun ìjà, wọ́n ń dá ilé ẹjọ́ dúró.

Ẹ fi ọdún 1786 náà sí ọkàn. Ọgọ́rùn-ún ọdún gééré lẹ́yìn rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ kan Èkìtì.

Ẹ̀yin mọ ìtàn náà, n kò ní í gùn ún lọ títí. Lẹ́yìn tí Ọ̀yọ́ Ilé ti tú, Ìbàdàn di alágbára, ó sì fi àwọn ajẹ́lẹ̀ sí ìlú Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà. Ìwà àwọn ajẹ́lẹ̀ wọ̀nyí burú tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé ní ọdún 1878 Fábùnmi, ọ̀dọ́mọkùnrin ará Òkè-Mẹ̀sí, dìde sí wọn, gbogbo ilẹ̀ sì gbaná. Àwọn ọba tí olúkúlùkù ní adé tirẹ̀, tí ẹnìkan nínú wọn kò sì sin ẹnìkejì, da ọmọ ogun pọ̀. Wọ́n pe ìdàpọ̀ náà ní Èkìtì Parapọ̀. Ògèdèǹgbé ará Iléṣà di olórí ogun. Òkè méjì dojú kọ ara wọn lẹ́bàá Ìgbájọ àti Ìmẹ̀sí. Láti inú ìró ìbọn ni orúkọ Kírìjí ti wá. Are Látòósà, olórí ogun Ìbàdàn, kú sí ibùdó ní ọdún 1885, ogun náà kò sì parí.

Ohun kan wà tí a kì í sábà rántí. Apá kan Èkìtì Parapọ̀ wà ní Èkó. Àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì tí a ti kó lẹ́rú rí, tí wọ́n padà wá láti Sàró àti láti Bràsíìlì, ní ẹgbẹ́ kan níbẹ̀ tí ó ń jẹ́ orúkọ kan náà. Philip Jose Meffre jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Joseph Haastrup, tí ó padà jẹ Ọwá Iléṣà ní ọdún 1896, jẹ́ òmíràn. Àwọn ni ó ń rán ìbọn olóje ìgbàlódé sí òkè. Àwọn kan náà ni ó mọ ìwé kọ sí Gómìnà. Mo rò pé ìwé wọn ṣe iṣẹ́ tó ìbọn wọn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìró ìbọn ni a fi sọ ogun náà lórúkọ.

Síbẹ̀ ìdàpọ̀ náà kì í ṣe ti gbogbo ìlú bákan náà. Ní àwọn ọdún wọ̀nyẹn, Adúlójú, balógun Adó wa yìí, ń ja ogun tirẹ̀ ní ìhà ìlà-oòrùn. Májẹ̀mú wà, ṣùgbọ́n n kò mọ ìwé kan nínú èyí tí àwọn ọba Èkìtì ti kọ ọ́ sílẹ̀ láàárín ara wọn iye tí ìlú kọ̀ọ̀kan yóò dá, ẹni tí yóò dájọ́ bí ìlú méjì bá jà, àti ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ogun.

Ìwé tí ó wà ni ti oṣù Kẹfà ọdún 1886. Moloney ni Gómìnà Èkó nígbà náà. Àwọn àlùfáà méjì, Samuel Johnson ti Ọ̀yọ́ àti Charles Phillips ti Oǹdó, ni ó rìn ìrìn àjò láti ibùdó dé ibùdó, tí wọ́n ń gba ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn ọba. Ìwé náà dárúkọ Aláàfin, àwọn ìjòyè Ìbàdàn, Ọwá, Oòrè ti Ọ̀tùn, Ajerò, Olójùdó ti Ìdó, àti Ògèdèǹgbé. Ó ní kí àlàáfíà wà; ó ní kí Aláàfin àti Ọwá máa ṣe bí ẹ̀gbọ́n àti àbúrò sí ara wọn, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí nígbà tí Èkìtì wà lómìnira; ó fi Ọ̀tan, Ìrẹ̀sì, Àdà àti Ìgbájọ sílẹ̀ fún Ìbàdàn; ó sì sọ̀rọ̀ nípa Mọdákẹ́kẹ́. Bí aáwọ̀ bá tún dé, kí wọ́n gbé e lọ bá Gómìnà Èkó. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹsàn-án ni a kéde àlàáfíà ní ojú ogun, níwájú Higgins àti Smith, àwọn aṣojú Gómìnà, a sì ti iná bọ àwọn ibùdó.

Mo bẹ yín, ẹ wo ohun tí ìwé yìí jẹ́. Ó da ohun tí Fábùnmi jà fún padà: ajẹ́lẹ̀ kò tún ní í wá. Èyí kì í ṣe ohun kékeré. Ṣùgbọ́n èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a fi kọ ọ́, àwọn ọba tí a kọ orúkọ wọn sínú rẹ̀ kò lè kà á fún ara wọn. Ó sọ bí Èkìtì yóò ti máa bá Ìbàdàn gbé. Kò sọ bí Èkìtì yóò ti máa bá Èkìtì gbé. Ipò onídàájọ́ sì bọ́ sí ọwọ́ ẹni tí ó wà ní Èkó. Ogún ọmọdé kì í ṣeré gba ogún ọdún; nígbà tí ọ̀tá kúrò níwájú, kí ni yóò so wọ́n pọ̀?

Èyí ni ìbéèrè tí ó dé bá àwọn ará Amẹ́ríkà pẹ̀lú. Ní ọdún 1787 àwọn aṣojú 55 pé jọ sí Philadelphia, George Washington ni alága. Rhode Island kọ̀, kò rán ẹnìkan. Benjamin Franklin, àgbà ẹni ọdún 81, wà níbẹ̀ pẹ̀lú àìlera. Wọ́n ti ìlẹ̀kùn, wọ́n jiyàn láti oṣù Karùn-ún títí dé oṣù Kẹsàn-án. Àwọn ìpínlẹ̀ ńlá fẹ́ kí a fi iye ènìyàn pín ìjókòó. Àwọn kékeré ní rárá, ọba ni olúkúlùkù ní ilé rẹ̀. Ẹni tí ó bá ti jókòó níbi tí Ìkẹ́rẹ́ àti Adó ti ń bára wọn ṣe ìgbìmọ̀ yóò mọ irú ìjiyàn náà! Wọ́n yanjú rẹ̀ pẹ̀lú ilé ìgbìmọ̀ méjì: nínú ọ̀kan a ka orí ènìyàn, nínú èkejì ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní ènìyàn méjì. Wọ́n pín àṣẹ sí mẹ́ta, aṣòfin, alákòóso àti onídàájọ́, kí ọ̀kan máa ṣọ́ èkejì. Àwọn 39 fi ọwọ́ sí i. A kò sì tún béèrè pé kí gbogbo mẹ́tẹ̀ẹ̀tala gbà; mẹ́sàn-án ti tó. Nígbà tí àwọn ènìyàn kùn pé kò sí ohun tí ó dáàbò bo ẹni kọ̀ọ̀kan, wọ́n fi àtúnṣe mẹ́wàá kún un ní ọdún 1791.

N kò ní í fi ìdọ̀tí inú rẹ̀ pamọ́ fún yín. Àwọn tí ó kọ̀wé pé Ẹlẹ́dàá kò dá ẹnìkan ga ju ẹnìkejì lọ ní ẹrú nínú oko wọn, Jefferson pẹ̀lú. Nínú òfin ọdún 1787, a ka ẹrú márùn-ún bí ènìyàn mẹ́ta láti fi pín ìjókòó, a sì dè ọwọ́ ìgbìmọ̀ pé kò gbọdọ̀ fòpin sí kíkó ẹrú wọlé kí ó tó di ọdún 1808. Àwọn ọmọ Yorùbá wà nínú àwọn tí a kó gba òkun kọjá ní àkókò náà. Ogun abẹ́lé láti 1861 dé 1865, tí ó pa ju 600,000 jagunjagun lọ, ni ó ṣáájú ọ̀rọ̀ tí ó fòpin sí oko ẹrú nínú ìwé náà. Ohun tí a fi sílẹ̀ láìyanjú nínú ìwé, ẹ̀jẹ̀ ni a fi kọ ọ́ lẹ́yìn.

Èkìtì kò ní Philadelphia tirẹ̀. Ìgbìmọ̀ tí àwọn ọba wa tún jókòó pọ̀ nínú rẹ̀, Pẹ̀lúpẹ̀lú, Reeve-Tucker ará Gẹ̀ẹ́sì ni ó pè é ní ọdún 1900, ní Òkè-Ìmọ̀ ní Iléṣà. Ó ṣe rere. Àwọn ọba tí ó ti pẹ́ tí wọn kò fi ojú kan ara wọn jókòó pọ̀, wọ́n sì dájọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó pè é ni ó lè tú u ká. Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tún ilẹ̀ pín, Iléṣà bọ́ sí apá kan, Èkìtì sí apá kejì, Adó sì di ibùjókòó Èkìtì ní ọdún 1913. Lónìí Iléṣà àti Ìlá wà ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Ìpínlẹ̀ Èkìtì ni a dá sílẹ̀ ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá ọdún 1996, láti ọwọ́ ìjọba ológun.

Òfin Nàìjíríà tí ó wà lórí wa, àṣẹ ológun ọdún 1999 ni ó gbé e jáde. Síbẹ̀ ó bẹ̀rẹ̀ bí ẹni pé àwa ènìyàn ni ó pé jọ tí a sì kọ ọ́. Mo ti bi àwọn àgbà púpọ̀ léèrè ní Adó níhìn-ín ọjọ́ tí a pè wọ́n sí ìpàdé náà, wọ́n sì rẹ́rìn-ín.

Ẹni tí ó bá fẹ́ ka ìwé àdéhùn ọdún 1886 fún ara rẹ̀ yóò rí i ní ẹ̀yìn ìwé ìtàn Yorùbá tí Samuel Johnson kọ, tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 1921. Kò gùn. A lè kà á tán kí agogo ìsìn kejì tó dún, bí a bá sì rí ẹni tí yóò sọ ọ́ di Yorùbá kedere, mo rò pé ó yẹ kí a kà á sókè ní gbangba ní Ọ̀tùn, ní Ìjerò, ní Ìdó àti ní Òkè-Mẹ̀sí, níbi tí àwọn ọmọ àwọn tí ó fi ọwọ́ sí i wà.