Bọ̀lẹ̀kájà Ojú Òfurufú: Ta Ló Ń San Owó Epo?

 

Ẹni tó bá dàgbà tó láti mọ bọ̀lẹ̀kájà á rántí bó ṣe rí: èrò lórí pákó, àpò gàrí lábẹ́ ẹsẹ̀, agbọ̀n adìyẹ lókè. Awakọ̀ ò bi ara rẹ̀ bóyá ọkọ̀ èrò ni àbí ọkọ̀ ẹrù. Ohun tó mọ̀ ni pé bí èrò ò bá kún, ẹrù á dí àyè náà, owó epo á sì jáde. Ohun tí mo fẹ́ sọ lónìí nìyẹn, àmọ́ ojú sánmà la ó ti sọ ọ́.

Ọ̀pọ̀ nínú wa rò pé tí a bá wọ bàálù tó ń lọ Lọ́ńdọ̀nù, àwa èrò nìkan ló ń gbé. Rárá o. Yàrá ẹrù gbọọrọ wà lábẹ́ ẹsẹ̀ wa. Boeing 777-300ER lè gba kọ̀ntéínà kékeré tí wọ́n ń pè ní LD3, 44 irú rẹ̀. Àpò èrò á gba díẹ̀, ìyókù di ti oníṣòwò: oògùn, òdòdó, ẹja tútù, ẹ̀yà ara fóònù. (Tó bá jẹ́ Èkó ni ọkọ̀ ti gbéra, èlùbọ́ àti ẹ̀gúsí wa á gba tiwọn náà, ẹ má bínú.) Airbus A380 tóbi ju 777 lọ dáadáa, síbẹ̀ LD3 38 péré ló ń gbà, àpò èrò rẹ̀ sì pọ̀ jù. Kí àrùn Kòrónà tó dé, nǹkan bí ìdajì ẹrù tí wọ́n ń fi bàálù gbé lágbàáyé ló ń wà lábẹ́ ẹsẹ̀ èrò báyìí.

Ibi tí ìṣirò ti le nìyí. Epo tó gbé èrò ló gbé ẹrù. Awakọ̀ kan náà ni, owó pápákọ̀ òfurufú kan náà ni. Èló ni ká kà sí ẹrù lọ́rùn? Bí iléeṣẹ́ bá gbà pé èrò ló ni ọkọ̀, tí ẹrù kàn ń bá a rìn, a jẹ́ pé owó yòówù tí ẹrù bá mú wá, lẹ́yìn owó àwọn tó kó o àti epo díẹ̀ tí ìwúwo rẹ̀ jẹ, èrè ni. Ìdí nìyẹn tí bàálù èrò fi lè gba owó tó kéré lórí kílò kan. Bàálù tó ń gbé ẹrù nìkan ò lè ṣe bẹ́ẹ̀, ara ẹrù ló ti máa rí gbogbo owó rẹ̀. Ìṣòro mìíràn tún ni pé èrò tó lọ á sábà padà wálé. Ẹrù kì í padà.

Àwọn kan wá ní kí wọ́n gbé ẹrù gòkè wá síbi tí èrò wà. Kọ́ḿbì ni wọ́n ń pè é: èrò níwájú, ògiri láàárín, ẹrù lẹ́yìn, ilẹ̀kùn ńlá lẹ́gbẹ̀ẹ́. KLM ti Netherlands fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Irú 747-400 wọn yìí ń gbé èrò bíi 268 àti pẹpẹ irin méje tí wọ́n to ẹrù lé, láìka ti abẹ́. Ìlú kan lè wà tí èrò rẹ̀ ò tó kún 747, tí ẹrù rẹ̀ náà ò sì tó odidi bàálù ẹrù. Pa méjèèjì pọ̀, ọkọ̀ kún.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ lórí Helderberg. Ní ọjọ́ 28, oṣù kọkànlá, ọdún 1987, kọ́ḿbì 747 ti South African Airways yìí gbéra láti Taipei, ó ń lọ Johannesburg, Mauritius ló fẹ́ kọ́kọ́ yà sí. Iná sọ láàárín ẹrù tó wà lẹ́yìn èrò. Ọkọ̀ náà já sínú Òkun Íńdíà. Ènìyàn 159 ló wà nínú rẹ̀, kò sẹ́ni tó yè. Àwókù rẹ̀ wà nísàlẹ̀ omi tó jìn ju mítà 4,000 lọ, ìgbìmọ̀ tó ṣèwádìí ò sì lè sọ ohun tó dá iná náà sílẹ̀.

Ètò ìgbà yẹn ni pé bí iná bá ṣẹ́yọ, òṣìṣẹ́ kan á gbé ohun èlò panápaná lọ́wọ́, á ṣílẹ̀kùn, á wọ àárín ẹrù lọ pa á. Ẹ fojú inú wò ó: ẹrù tí wọ́n tò ga, tí wọ́n fi ike bò, èéfín ti gba ibẹ̀ kan. Lẹ́yìn Helderberg, àwọn aláṣẹ Amẹ́ríkà ní àwọn ò lè gbára lé ìyẹn mọ́. Kí ẹrù wà nínú ohun tí iná ò lè jáde, tàbí kí yàrá náà ní ẹ̀rọ tó ń paná fúnra rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ wúwo, ìwúwo sì ni ìnáwó lókè yẹn.

Àwọn kan ní òfin yìí ló pa kọ́ḿbì. Èmi ò gbà tán. KLM ṣì ń lò ó fún ọgbọ̀n ọdún ó lé lẹ́yìn Helderberg. Ohun tó lé e kúrò gan-an ni ikùn ńlá bàálù bíi 777, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ méjì dípò mẹ́rin. Bí abẹ́ bá ti lè gbé ẹrù tó bẹ́ẹ̀, kí la fẹ́ fi àga èrò sílẹ̀ lókè ṣe?

Ní oṣù kẹta ọdún 2020, KLM fi 747 gbé èrò kẹ́yìn, láti Mexico City. Oṣù tó tẹ̀ lé e ni wọ́n tún gbé kọ́ḿbì méjì jáde, láti máa kó ohun èlò ìlera láti Ṣáínà. Bàálù èrò ti wà nílẹ̀ káàkiri ayé nígbà náà, ikùn wọn sì wà nílẹ̀ pẹ̀lú wọn. Owó ẹrù lọ sókè fíofío. Àwọn iléeṣẹ́ kan ń to páálí ìbòmú sórí àga èrò!

Ibi tí kọ́ḿbì ti pẹ́ jù ni ibi tí ọ̀nà mọ́tò ò dé. Alaska Airlines ń fi 737-400 gbé èrò 72 àti ẹrù lọ sí àwọn ìlú bíi Wrangell àti Petersburg, tó jẹ́ pé ọkọ̀ ojú omi tàbí bàálù nìkan ló ń débẹ̀. Wọ́n dáwọ́ rẹ̀ dúró ní 2017, wọ́n sì sọ 737-700 mẹ́ta di ọkọ̀ ẹrù pátápátá. Lápá àríwá Kánádà, irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣì ń fò. Tiwọn yàtọ̀ sí ti KLM: ẹrù ló ń jókòó síwájú, ẹ̀yìn ni èrò ń gbà wọlé.