Bí Ọ̀gá Bá Ń Búni

Ní oṣù kẹta ọdún 2011, awakọ̀ bàálù Southwest Airlines kan ń bá ẹnìkejì rẹ̀ sọ̀rọ̀ lójú òfuurufú ní Texas, ní Amẹ́ríkà. Kò mọ̀ pé ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ òun wà ní ṣíṣí. Gbogbo èébú tó ń bú àwọn òṣìṣẹ́ tí ń tọ́jú èrò ló bọ́ sétí àwọn awakọ̀ mìíràn: àwọn kan ti darúgbó, àwọn kan sanra. Ìyókù ò ṣeé tẹ̀ síbí. Àwọn tó ń darí bàálù láti ilẹ̀ ò sì ráyè sọ̀rọ̀ dáadáa, nítorí òun nìkan ló gba ojú afẹ́fẹ́ náà. Ilé-iṣẹ́ rẹ̀ dá a dúró láìsanwó fúngbà díẹ̀, wọ́n rán an lọ kẹ́kọ̀ọ́, wọ́n sì gbà á padà.

Ẹ má sọ pé ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni o. Bí èéfín bá rú lẹ́yìn bàálù, irú àwọn tó bú yẹn ló máa kọ́kọ́ rí i. Ṣé wọ́n á tètè pè é?

Mo bá mẹ́sẹ́ńjà kan ṣiṣẹ́ rí tó rí àṣìṣe nínú fáìlì ọ̀gá, tó sì dákẹ́ nítorí èébú àná. Owó ìfẹ̀yìntì bàbá kan ló há sínú fáìlì náà fún oṣù mẹ́jọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ní òṣìṣẹ́ lábẹ́ yín, ta ló kéré jù níbẹ̀? Ìgbà wo ló sọ fún yín gbẹ̀yìn pé ẹ ṣe àṣìṣe?