Eré Àsápajúdé Lójú Títì

Títì tó ti Kútọnu lọ sí Parakú gba Ṣábẹ̀ẹ́ kọjá. Ẹnìkan ṣubú lórí alùpùpù, ó gbọn eruku nù; èkejì ṣubú, ó kú. Kí ló dé? Eré ni. Bí ẹ bá ń sá 40 kìlómítà ní wákàtí kan, tí ẹ sọ ọ́ di 80, ipá tí ẹ ó fi kọlu nǹkan kì í ṣe ìlọ́po 2. Ìlọ́po 4 ni! Káàsìkì ńkọ́? Èyí tí ẹ fi kọ́ ọwọ́ alùpùpù kò lè gba orí là. Ẹ dé e, kí ẹ so okùn rẹ̀ sábẹ́ àgbọ̀n. Lóru, ẹ rọra: ewé tí wọ́n tẹ́ sẹ́yìn kamiyọ́ tó bàjẹ́ kì í tètè hàn. Bí ẹ bá sì bá ẹni tó ṣubú, ẹ má fà á dìde. Ọrùn rẹ̀ lè ti ṣẹ́.