Kí A Tó Yá Omi Lọ́wọ́ Òkun

Ọ̀rọ̀ tí Akọ̀wé Ìpolongo ẹgbẹ́ wa bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ àti àwọn àgbẹ̀ sọ ní Ilé-Ifẹ̀

Kò sí ẹni tí ó wà níhìn-ín tí kò mọ ohun tí oṣù Ṣẹẹrẹ àti oṣù Èrèlé máa ń fi ojú kànga rí ní Ilé-Ifẹ̀. Ní irú àkókò bẹ́ẹ̀ ni a máa ń rí àwọn ọmọ wa pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì lórí kí ilẹ̀ tó mọ́, tí àwọn ìyá wọn yóò sì máa ṣírò owó omi mọ́ owó ọbẹ̀.

Ìbéèrè kan wà tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ti ń bi wá láti ìgbà díẹ̀ wá. Wọ́n ní bí ọ̀dá bá mú kí odò gbẹ, òkun kì í gbẹ. Èéṣe tí ìjọba kò fi kọ́ ilé-iṣẹ́ ńláńlá tí yóò máa yọ iyọ̀ kúrò nínú omi òkun fún àwọn ìlú ńlá wa? Ìbéèrè ọlọ́gbọ́n ni èyí, a kò sì gbọdọ̀ fi ẹ̀rín dá a lóhùn.

Ẹnìkan lè sọ pé kí ni ti Ifẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ òkun. Lóòótọ́, a ní Igbó Olókun ní ìlú yìí, níbi tí àwọn baba ńlá wa ti ń yọ́ gíláàsì fi ṣe ìlẹ̀kẹ̀ láyé àtijọ́, ṣùgbọ́n òkun fúnra rẹ̀ jìnnà sí wa. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ náà kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Bí ìjọba àpapọ̀ bá yá owó láti fi kọ́ irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ sí etí òkun, láti inú àpò gbogbo wa ni a ó ti san gbèsè náà. Àgbẹ̀ oníkòkó ní abúlé Ifẹ̀ yóò san nínú rẹ̀, bí kò tilẹ̀ ní tọ́ omi náà wò láé.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ bí iṣẹ́ náà ti rí. Nínú lítà omi òkun kan, iyọ̀ tí ó wà níbẹ̀ tó gíráàmù 35. Ẹ̀rọ alágbára ni yóò máa fi tipátipá ti omi náà gba inú awọ tín-ín-rín kan kọjá, awọ tí omi lè gbà kọjá ṣùgbọ́n tí iyọ̀ kò lè gbà. Nǹkan bí ìdajì omi náà ni yóò jáde ní mímu. Ìyókù, tí iyọ̀ rẹ̀ ti wá pọ̀ sí i, ni a ó dà padà sínú òkun. Fún ẹgbẹ̀rún lítà omi mímu kan, iná mànàmáná tí a ó lò tó yúnìtì mẹ́ta sí mẹ́rin. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí lórí iná ni ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ náà dúró lé.

Àwọn orílẹ̀-èdè kan wà tí iṣẹ́ yìí yẹ wọ́n. Saudi Arabia kò ní odò kan tí ń ṣàn yí ọdún po, epo àti gáàsì sì pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ní Ísírẹ́lì, ilé-iṣẹ́ Sorek, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2013, ni a kọ́ láti máa pèsè omi tí ó ju lítà mílíọ̀nù 600 lọ lóòjọ́. A kò bá wọn wíjọ́. Ẹni tí kò ní odò, kí ni yóò ṣe?

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ẹni tí ó jọ wá. Ní Teshie-Nungua, ní Accra, olú ìlú Gánà, omi ti ń wọ́n àwọn ará àdúgbò fún ọdún púpọ̀. Ní 2015 ni ilé-iṣẹ́ omi òkun bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀, èyí tí a kọ́ láti máa pèsè lítà mílíọ̀nù 60 lóòjọ́. Bí a bá ṣírò rẹ̀ ní yúnìtì mẹ́ta péré lórí ẹgbẹ̀rún lítà, iná tí irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ń jẹ lójúmọ́ yóò tó yúnìtì 180,000. Owó tí ìjọba ní láti san lórí omi náà sì ju èyí tí ó ń gbà lọ́wọ́ àwọn oníbàárà lọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2018, wọ́n dá ẹ̀rọ náà dúró, wọ́n sì padà sórí àdéhùn láti tún un jíròrò. Òkun kò gbẹ. Owó ni ó gbẹ. Ta ni nínú wa tí ó lè fọwọ́ sọ̀yà pé iná tiwa yóò dúró déédéé, tàbí pé àpò tiwa yóò jìn ju tiwọn lọ?

Ọ̀rọ̀ ta ni yóò san owó omi kì í ṣe tuntun nílẹ̀ Yorùbá. Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ gba owó omi ẹ̀rọ lọ́wọ́ àwọn ará Èkó, Dókítà John Randle àti Dókítà Orisadipe Obasa dá ẹgbẹ́ People's Union sílẹ̀ ní 1908, wọ́n sì tako owó náà. Ọ̀rọ̀ omi ni ó wà ní ìpìlẹ̀ ìṣèlú wa. Kì í ṣe pé àwọn baba wọ̀nyí kórìíra omi tí ó mọ́. Ohun tí a rí kọ́ lára wọn ni pé ẹni tí yóò san owó ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀.

Ẹ tún gbọ́ ti Cape Town ní ilẹ̀ South Africa. Ọ̀dá mú ìlú náà láti 2015 títí di 2017, tí àwọn adágún rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ tán. Láti oṣù Èrèlé 2018, wọ́n pàṣẹ pé kí ẹnì kọ̀ọ̀kan má ṣe lò ju lítà 50 lọ lóòjọ́, èyí tí í ṣe kẹ́ẹ̀gì ńlá méjì péré. Wọ́n gbé ẹ̀rọ omi òkun kéékèèké kalẹ̀, ṣùgbọ́n omi tí wọ́n pèsè kò tó nǹkan. Ohun tí ó gba ìlú náà là ni pé olówó àti tálákà dín ìlò omi kù títí òjò fi padà dé.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a padà sílé. Òjò tí ń rọ̀ ní Ifẹ̀ lọ́dún ju mílímítà 1,000 lọ. Páànù ilé tí ó gùn ní mítà 10, tí ó sì fẹ̀ ní mítà 8, lè gba omi tí ó tó lítà 80,000 lọ́dún, bí a bá yọ èyí tí yóò ṣòfò kúrò. A ti sé odò Erinlẹ̀ ní Ẹdẹ láti àwọn ọdún 1950; yunifásítì tí ó wà ní ìlú yìí sì sé odò Ọpa ní 1978 fún ìlò tirẹ̀. Nítorí náà, kì í ṣe omi ni a kò ní. Páìpù tí ó ti jẹrà, ẹ̀rọ tí kò rí iná, àti adágún tí ẹrẹ̀ ń kún, àwọn ni ọ̀tá wa. Lókè odò Ọ̀ṣun, àwọn tí ń wa góòlù ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ti sọ omi di pupa bí ọbẹ̀ epo. Bí a bá ń ba odò jẹ́ lókè, tí a sì lọ ń ra omi òkun nísàlẹ̀, ta ni yóò pè wá ní ọlọ́gbọ́n?

Ẹ̀yin àgbẹ̀, ẹ̀bẹ̀ tiwa sí yín kò ju ọ̀kan lọ: ẹ má ṣe ro oko dé etí odò. Igi etí odò ni ó ń di ilẹ̀ mú tí ẹrẹ̀ kò fi wọ inú adágún.

A kò sọ pé kí Èkó má ṣe kọ́ ilé-iṣẹ́ omi òkun láé. Ọjọ́ lè dé tí yóò di dandan. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni tí ó bá wá tọrọ ìbò yín, tí ó sì ń ṣèlérí òkun, ẹ bi í ní ìbéèrè mẹ́ta: Iná wo ni yóò lò? Èló ni kẹ́ẹ̀gì kan yóò jẹ́, ta ni yóò sì san èyí tí ó bá kù? Ṣé a ó ka àdéhùn náà sí etí ìgbọ́ aráàlú kí a tó tọwọ́ bọ̀ ọ́? Bí kò bá lè dáhùn, ẹ sọ fún un pé kí ó kọ́kọ́ lọ tún páìpù Ifẹ̀ ṣe.

Ẹni tí ó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí òjò ọdún yìí bọ̀ ní àsìkò, kí ó sì bá wa nínú ìmúrasílẹ̀.