Bí Jíà Bá Pẹ́ Kó Tó Mú

(Ọ̀rọ̀ tí aṣojú òṣìṣẹ́ sọ ní ìpàdé ẹ̀ka ẹgbẹ́ wa ní Ọ̀jọ́)

Mi ò ní pẹ́, nítorí mo mọ̀ pé àwọn kan ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ẹnu iṣẹ́ òru dé.

Ọ̀ràn awakọ̀ kan nínú ẹgbẹ́ wa ló mú mi dìde. Láàárọ̀, ní Ìyànà-Ìbà, ó fi jíà sí D, mọ́tò kò lọ. Ó ka ení, ó ka èjì, ó ka ẹ̀ta, kó tó fò síwájú gbì. Oṣù kan gbáko ló fi ń ṣe bẹ́ẹ̀. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni, ẹ̀rù ń bà á kí wọ́n má gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí jíàbọ́ọ̀sì kú pátápátá, onímọ́tò ní òun ló bà á jẹ́, kó san án. A kò rí ìwé kankan tí a lè fi gbà á sílẹ̀.

Kí ló fà á? Jíà CVT kò ní eyín ìkíní, ìkejì, ìkẹta bíi ti àtijọ́. Ẹ̀yin ará ilé iṣẹ́, yóò tètè yé yín: pọ́ọ̀lì méjì ni, tí bẹ́líìtì irin so pọ̀. Pọ́ọ̀lì kọ̀ọ̀kan pín sí ìlàjì méjì tó ń súnmọ́ra, tó sì ń jìnnà síra. Bẹ́ẹ̀ ni eré ọkọ̀ ṣe ń yí padà. DAF ti ilẹ̀ Họ́láńdì ti lo irú rẹ̀ ní 1958, bẹ́líìtì rọ́bà ni nígbà náà. Lónìí ó wà nínú ọ̀pọ̀ Nissan, àti nínú púpọ̀ nínú Corolla 2014 tó ti Amẹ́ríkà wá.

Ọ́ìlì ló ń ti pọ́ọ̀lì pọ̀ kí bẹ́líìtì má baà yọ̀. Ọ́ìlì yìí kan náà ló ń ti kílọ́ọ̀ṣì tí D tàbí R fi ń mú. Bó bá dín, bó bá gbó, bí asẹ́ rẹ̀ bá dí, bí pọ́ǹpù tàbí fáàfù bá ti jẹ, tàbí tí wọ́n bá rọ ọ́ìlì tí kì í ṣe tirẹ̀ sí i, agbára ọ́ìlì á pẹ́ kó tó dé. Ooru súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ojú ọ̀nà Badagry sì ń mú kó tètè gbó.

Bó bá pẹ́, ẹ tẹ bíréèkì, kí ẹ dúró kó mú. Ẹ má tẹ tọ́rótù! Kílọ́ọ̀ṣì á jó, bẹ́líìtì á ha pọ́ọ̀lì, ọkọ̀ sì lè fò kọlu ẹni tó ń kọjá. Kí mẹkáníìkì kọ́kọ́ wo ọ́ìlì kó tó tú ohunkóhun. Ọ̀pọ̀ wọn kò ní ọ̀pá ìwọ̀n ọ́ìlì, ẹ má jẹ́ kó fojú díwọ̀n. Ọ́ìlì tí ìwé ọkọ̀ náà dárúkọ ni kó rọ, kì í ṣe ti ọ̀tọ̀mátíìkì àtijọ́.

Ní Amẹ́ríkà, Nissan sún àkókò tí yóò fi dúró fún àtúnṣe jíàbọ́ọ̀sì yìí síwájú, fún ọkọ̀ 2003 sí 2010, ó di ọdún 10 tàbí 120,000 máìlì. Ẹni tó ra ọkọ̀ lọ́hùn-ún rí ẹni bá a gbé ẹrù. Nígbà tó bá fi di tòkunbọ̀ lọ́wọ́ wa, àkókò ti kọjá. Ta ni yóò wá gbé e? Bí a bá dákẹ́, awakọ̀ ni.

Nítorí náà, kí ẹ tó gba ọkọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ẹ dán D àti R wò láàárọ̀, kí ẹ kọ ohun tí ẹ rí sílẹ̀. Ọjọ́ tí jíà bá kọ́kọ́ pẹ́, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé pẹ̀lú ọjọ́ àti iye máìlì, kí onímọ́tò fọwọ́ sí i, kí ẹ mú ẹ̀dà kan fún mi. Ẹ jẹ́ kó hàn nínú àdéhùn pé onímọ́tò ló ni owó ọ́ìlì jíà.

Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.