Kí Ló Ń Mú Ọlọ́gbọ́n Kó Sí Pàkúté Owó?
(Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ará sọ ní Sábó, Ọ̀yọ́)



Ní oṣù kẹrin ọdún 2025, ètò orí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń pè ní CBEX dojú dé. Ó ti ṣèlérí pé owó yóò di ìlọ́po méjì láàárín nǹkan bí oṣù kan. Ní Ìbàdàn, àwọn tí inú ń bí ya wọ ọ́fíìsì rẹ̀ ní Òkè-Àdó, wọ́n kó ẹrù ibẹ̀. MMM náà ti dá owó àwọn ènìyàn dúró ní oṣù kejìlá ọdún 2016. Ẹ má pè wọ́n ní òmùgọ̀. Ohun mẹ́ta ló ń ṣe ọmọ ènìyàn.

Èkíní, àwòkọ́ṣe. Bí a bá ti rí ẹni tí a mọ̀ tó gba owó, a kì í béèrè ibi tí owó náà ti wá mọ́.

Èkejì, ìbẹ̀rù àdánù. Ní 1979, Daniel Kahneman àti Amos Tversky fi hàn pé ìrora owó tó sọnù máa ń ju ayọ̀ iye kan náà tó wọlé lọ. Nígbà tí CBEX dojú dé, wọ́n tún ní kí àwọn ènìyàn san 100 tàbí 200 dọ́là kí wọ́n tó rí owó wọn gbà. Ẹni tí kò fẹ́ gbà pé owó òun ti lọ ni irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ń mú.

Ẹ̀kẹta, ìkánjú. Àwọn baba wa mọ̀ ọ́n, wọ́n sì dá èésú sílẹ̀ láti kó ara wọn níjàánu. Àlùfáà Samuel Johnson, tó ṣe olùṣọ́-àgùntàn ní Ọ̀yọ́ yìí, mẹ́nu kàn án nínú ìwé ìtàn rẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ ní 1921. Èésú kò lérè. Iye tí a bá dá la ó kó.

Ará, ọ̀rọ̀ òdodo ni èyí. Owó ẹni tó dé kẹ́yìn ni wọ́n fi ń san ti ẹni tó kọ́kọ́ dé. Ìlọ́po méjì tí ẹnìkan gbà, ó lè jẹ́ owó ilé-ìwé ọmọ opó. Nítorí náà, ẹ má jẹ́ kí a fi àkókò ìjẹ́rìí nínú ìjọ polówó rẹ̀.

Kí o tó fi owó ránṣẹ́, dúró ọjọ́ mẹ́ta. Sọ fún ọkọ tàbí aya rẹ. Béèrè lọ́wọ́ SEC ìjọba àpapọ̀ bóyá wọ́n forúkọ ètò náà sílẹ̀. Jésù fúnra rẹ̀, nínú Lúùkù 14:28, ní kí ẹni tó fẹ́ kọ́lé kọ́kọ́ jókòó ṣírò.

Kí Olúwa fún wa ní ọgbọ́n. Àmín.