Ẹ̀rọ Wọ Kíláàsì, Ta Ló Ni Àṣẹ?

Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 1959, ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n WNTV bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn, òun sì ni àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Nàìjíríà. Eré àti ìròyìn ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń rántí rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ wà lára ohun tí ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní àwọn torí rẹ̀ dá a sílẹ̀. Láti 1955 ni ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti di ọ̀fẹ́ ní Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn. Ọmọ ti kún kíláàsì, olùkọ́ tó gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kò tó. Ìrètí wà pé tẹlifíṣọ̀n yóò gbé ohùn olùkọ́ tó dáńtọ́ dé ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò lè dé.

Ìrètí yẹn kò tíì kú títí dòní. Rédíò, kọ̀ǹpútà, tábúlẹ́ẹ̀tì àti íntánẹ́ẹ̀tì, gbogbo wọn ni wọ́n ti wá gbé e rù níkọ̀ọ̀kan. Ohun tí àròkọ yìí fẹ́ sọ kò ju ẹyọ kan lọ: olùkọ́ ilé-ìwé ìjọba kò ṣe aláìní ẹ̀rọ tó bí a ti ń pariwo rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ní fóònù tó ń lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ohun tí kò sí lọ́wọ́ wọn ni àṣẹ lórí ohun tó wà nínú ẹ̀rọ: àṣẹ láti ṣà á, láti tún un ṣe, láti sọ pé èyí kò bá àwọn ọmọ tó wà níwájú òun mu.

Ẹ wo Ọ̀ṣun. Ní 2013, ìjọba Ráúfù Arẹ́gbẹ́ṣọlá gbé Ọpọ́n Ìmọ̀ jáde, tábúlẹ́ẹ̀tì fún àwọn ọmọ kíláàsì àgbà ní ilé-ìwé girama. Ìwé 56 ló wà nínú rẹ̀ fún iṣẹ́ 17, pẹ̀lú ìbéèrè ìdánwò àwọn ọdún tó ti kọjá. Wọ́n ti kó gbogbo rẹ̀ sínú ẹ̀rọ kí ó tó dé ọwọ́ ọmọ, nítorí náà kò di dandan kí ẹnikẹ́ni ra dátà kí ó tó ṣí ìwé. Ọgbọ́n gidi nìyẹn, ó sì yẹ ká yìn wọ́n. Ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ ni ètò náà dojú kọ. Ìwé tó wà nínú Ọpọ́n, bí wọ́n ṣe tò ó sí i ni olùkọ́ ṣe bá a.

Edó àti Èkó gba ọ̀nà mìíràn. Ètò EdoBEST bẹ̀rẹ̀ ní 2018 lábẹ́ Gómìnà Godwin Obaseki, EKOEXCEL ti Èkó sì tẹ̀ lé e lábẹ́ Gómìnà Babájídé Sanwó-Olú. Ilé-iṣẹ́ NewGlobe ló bá ìjọba méjèèjì ṣe é, olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀ ni wọ́n sì gbé tábúlẹ́ẹ̀tì lé lọ́wọ́. Bí olùkọ́ bá ṣí i láàárọ̀, ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà ló máa bá níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: gbólóhùn tí yóò sọ, ìṣirò tí yóò kọ sójú pátákó, ìgbà tí yóò rìn láàárín ìjókòó láti wo iṣẹ́ àwọn ọmọ.

Àwọn ẹgbẹ́ olùkọ́ lágbàáyé ti fi ẹ̀hónú hàn sí irú ètò yìí. Wọ́n ní ó ń sọ olùkọ́ di ẹni tó ń ka ohun tí ẹlòmíràn kọ sí etí ọmọ. Òótọ́ wà níbẹ̀. Àmọ́ ẹni tó bá fẹ́ bá ètò náà jà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dáhùn ìwádìí tí Michael Kremer, ẹni tó wà lára àwọn tó gba ẹ̀bùn Nobel ti ètò ọrọ̀ ajé ní 2019, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 2022. Àwọn ilé-ìwé Bridge ní Kenya, tí ń lo ọ̀nà kan náà, ni wọ́n wò, wọ́n sì rí i pé àwọn ọmọ ibẹ̀ kọ́ ẹ̀kọ́ ju àwọn ẹgbẹ́ wọn lọ dáadáa. Kò yani lẹ́nu. Olùkọ́ tuntun tí wọ́n jù sínú kíláàsì tó kún fọ́fọ́ yóò dúpẹ́ pé ẹnì kan ti bá òun la ẹ̀kọ́ sílẹ̀. Olùkọ́ tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, tó mọ̀ pé ọsàn àti ọ̀bẹ lòun máa ń fi kọ́ ọmọ ní ìdá, tó fi ń yé wọn, òun gan-an ni ẹ̀rọ náà máa ń há mọ́. Kò yẹ kí a kọ ètò náà fún àwọn méjèèjì bákan náà.

A ti mọ ọ̀nà tó sàn jù rí, nílé níbí, kí íntánẹ́ẹ̀tì tó dé. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà ní ilé-ìwé St. Stephen's “A” ní Mọ̀dákẹ́kẹ́. Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ náà ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti ẹ̀kọ́ àwùjọ. Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ iṣẹ́ kan gẹ́gẹ́ bí àwọn iṣẹ́ yòókù. Kò sí ìwé fún irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ nígbà náà, àfi kí wọ́n kọ ọ́. Wọ́n kọ ọ́, wọ́n kọ ti olùkọ́ mọ́ ọn, wọ́n dán an wò nínú kíláàsì, wọ́n sì tún un ṣe. Nígbà tí wọ́n wọn èsì, àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì rárá, wọ́n sì tayọ nínú púpọ̀ nínú àwọn iṣẹ́ yòókù. Kò sí ohunkóhun nínú ètò yẹn tó ṣòroó tún ṣe.

Lónìí, ibi tí irú àyè bẹ́ẹ̀ wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni àwọn ilé ìkówèésí tí a ṣí sílẹ̀ fún gbogbo èèyàn. African Storybook ti Gúúsù Áfíríkà àti StoryWeaver tí àwọn Pratham Books ní Íńdíà dá sílẹ̀ ní 2015 jẹ́ méjì nínú wọn. Ìtàn ọmọdé ní èdè Yorùbá wà ní ibi méjèèjì. Ìwé àṣẹ tí wọ́n fi gbé ìtàn wọ̀nyí jáde fún olùkọ́ láyè láti tẹ̀ ẹ́, láti túmọ̀ rẹ̀, láti yí i padà, bí ó bá ti dárúkọ ẹni tó kọ ọ́ àti ẹni tó yàwòrán rẹ̀. Kò ní tọrọ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Níbí ni wàhálà kékeré kan ti ń dúró de olùkọ́, àwọn tó ń ṣe ìwéwèé ní ọ́fíìsì kì í sì í kà á sí. Ká ní olùkọ́ Prímárì 3 rí ìtàn tó wù ú, ó rí i pé àmì ohùn rẹ̀ kò pé, ó sì fẹ́ tún un tẹ̀. Ètò Unicode, èyí tí kọ̀ǹpútà gbogbo ayé fi ń dá lẹ́tà mọ̀, fún “ẹ” ní nọ́ńbà tirẹ̀, ó sì fún “é” náà ní tirẹ̀. Ṣùgbọ́n “ẹ́” kò ní ẹyọ nọ́ńbà kan tó dá dúró. Ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ kọ lẹ́tà náà ná, kí ó tó gbé àmì lé e lórí. Bí fọ́ǹtì bá ti pẹ́, àmì náà yóò yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, tàbí kí àpótí kékeré jókòó sípò lẹ́tà. Olùkọ́ tẹ iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa lórí fóònù, ó gbé e dé bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà, ohun tó jáde lórí bébà sì yàtọ̀. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ìwé ìdánwò Yorùbá fi jẹ́ pé bírò ni wọ́n fi ń sàmì sí ẹ̀dà àkọ́kọ́ kí wọ́n tó fọ́tòkọ́pì rẹ̀.

Ọ̀nà àbáyọ wà, owó kò sì sí lórí rẹ̀. Gboard ti Google ní kíbọ́ọ̀dù Yorùbá lórí fóònù Android. Ẹgbẹ́ YorubaName, tí Kọ́lá Túbọ̀sún dá sílẹ̀, gbé ti kọ̀ǹpútà jáde lọ́fẹ̀ẹ́. Èyí tó kù ni kí ẹnì kan fi ọ̀sán kan péré kọ́ olùkọ́ bí wọ́n ṣe ń lò ó.

Dátà ńkọ́? Kiwix máa ń jẹ́ kí èèyàn gbé Wikipedia sórí fóònù, kí ó sì máa kà á láìsí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ti Yorùbá wà lára rẹ̀, àyọkà tó ju 30,000 lọ. Kolibri, tí Learning Equality ṣe, ju ìyẹn lọ. A ó kó fídíò àti ìdánwò sórí kọ̀ǹpútà kan ní ilé-ìwé, àwọn fóònù yóò sì gbà á láti ibẹ̀ nípa Wáìfáì, bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ìlú tilẹ̀ ti kú. Olùkọ́ ló ń yan èyí tí kíláàsì rẹ̀ yóò rí. WhatsApp sì rèé, tí àwọn olùkọ́ ti sọ di ilé ìkówèésí fúnra wọn láìjẹ́ pé ìjọba rán wọn: lẹ́sìn nóòtù ń rìn láti ọwọ́ dé ọwọ́ níbẹ̀. Àléébù rẹ̀ ni pé àṣìṣe náà ń bá wọn rìn, ẹni tó kọ́kọ́ kọ ọ́ kì í sì í sí níbẹ̀ mọ́ láti tún un ṣe.

Ẹ̀rọ onílàákàyè àtọwọ́dá ló wá gbòde báyìí. Ní oṣù kẹfà àti ìkeje 2024, Báńkì Àgbáyé dán an wò ní ìlú Benin ní Edó. Àwọn ọmọ kíláàsì àgbà ní girama fi Microsoft Copilot kọ́ Gẹ̀ẹ́sì fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn aago ilé-ìwé, ìmọ̀ wọn sì gòkè sí i. Ìròyìn gbé e kiri pé ẹ̀rọ ti di olùkọ́. Bẹ́ẹ̀, olùkọ́ wà nínú yàrá ní gbogbo ìgbà náà, òun ló ń darí ìbéèrè, òun ló sì ń mú àwọn ọmọ padà sójú ọ̀nà. Ní ti Yorùbá, iṣẹ́ olùkọ́ tún pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ẹ̀rọ wọ̀nyí ṣì máa ń fi àmì ohùn sí ibi tí kò yẹ pẹ̀lú ìgboyà ńlá, ọmọ ọdún mẹ́jọ kò sì lè mọ̀.

Bí ìjọba ìpínlẹ̀ kan bá ń wá ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀, kí ó san owó dátà àti owó ìtẹ̀wé tí olùkọ́ ń yọ nínú àpò ara rẹ̀. Kí àwọn alábẹ̀wò gba lẹ́sìn nóòtù tí a fi ẹ̀rọ tẹ̀, kí wọ́n má ṣe ní kí olùkọ́ lọ tún un fi ọwọ́ kọ. Kí kíbọ́ọ̀dù Yorùbá sì ti wà lórí kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan kí ìjọba tó san owó rẹ̀ fún ẹni tó tà á.